Ta Ni Yóò Sanwó Ẹmu? Àtúnkà Ìjókòó Ọ̀mu nínú The Palm-Wine Drinkard ti Amos Tutùọlá

Ìfáàrà

Láti ọdún 1952 tí ilé-iṣẹ́ Faber and Faber ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù ti tẹ The Palm-Wine Drinkard ti Amos Tutùọlá jáde, ọ̀nà méjì ni a sábà máa ń gbà kà á. Ọ̀nà kìíní ni ti àwọn onímọ̀ lítíréṣọ̀ tí wọ́n rí ìrìnàjò akọni nínú rẹ̀: ẹnì kan kúrò nílé, ó la igbó ẹlẹ́rù já, ó dé ìlú àwọn òkú, ó sì padà wálé. Ọ̀nà kejì ni ti àwa tí a ń kọ́ni ní kọ́lẹ́ẹ̀jì olùkọ́. Àwa a máa sọ fún akẹ́kọ̀ọ́ pé ìwé náà ń kìlọ̀ nípa ewu ọtí, a ó kọ ọ́ sára pátákó, akẹ́kọ̀ọ́ yóò dà á kọ, ó parí. Ojú tí mo fi wo ìwé náà nínú bébà yìí yàtọ̀ sí méjèèjì. Ìbéèrè tí mo bi í ni èyí tí ẹlẹ́mu máa ń bi àwọn oníbàárà rẹ̀ nígbà tí ilẹ̀ bá ṣú: ta ni yóò sanwó ohun tí a mu?

Ó lè dà bí ẹ̀fẹ̀ létí àwọn tó wá sí àpérò yìí láti ọ̀nà jíjìn. Kì í ṣe ẹ̀fẹ̀. Ìsọ̀ ẹlẹ́mu àdúgbò, níbi tí àwọn ènìyàn kan náà ti ń jókòó lórí bẹ́ǹṣì kan náà lójoojúmọ́, wà lára àwọn ibi tí èdè Yorùbá ti ń ṣiṣẹ́ jù lọ. Tutùọlá ni gbogbo ayé mọ̀ mọ ẹmu, síbẹ̀ kò fi irú ìsọ̀ bẹ́ẹ̀ hàn wá ní ìbẹ̀rẹ̀ ìtàn rẹ̀. Ilé ọmọ olówó tí ẹmu ti jẹ́ ọ̀fẹ́ ló fi hàn wá. Èrò mi ni pé ìyàtọ̀ tó wà láàárín ilé yẹn àti ìsọ̀ gidi ló gbé ìtàn náà ró láti òkè délẹ̀.

Ilé tí wọn kì í ti í sanwó

Ẹ jẹ́ ká fi ojú oníṣirò ka àwọn ojú-ìwé àkọ́kọ́. Ọ̀mu (bí n ó ṣe máa pè é nìyí, nítorí òǹkọ̀wé kò sọ orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́ fún wa) ni àkọ́bí nínú ọmọ mẹ́jọ. Àwọn yòókù ń ṣiṣẹ́. Ẹmu ni òun ń mu láti ìgbà tó ti wà ní ọmọ ọdún 10. Bàbá rẹ̀ olówó rí i pé kò lè ṣe nǹkan mìíràn, ó gba adẹ́mu kan fún un, ó sì fún un ní oko ọ̀pẹ tí igi inú rẹ̀ jẹ́ 560,000. Láràárọ̀, adẹ́mu yóò gbé kẹ́ẹ̀gì 150 wá. Kí agogo méjì ọ̀sán tó lù, ti àárọ̀ ti tán, adẹ́mu yóò sì tún lọ dá 75 mìíràn fún alẹ́. Kẹ́ẹ̀gì 225 lójúmọ́ kan! Àwọn ọ̀rẹ́ tí kò lóǹkà ló ń bá a mu ún láti àárọ̀ títí di òru.

Tutùọlá fẹ́ràn iye. Òjíṣẹ́ ọ́fíìsì ni ní ẹ̀ka ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ ní Èkó nígbà tó kọ ìwé yìí, ẹni tó bá sì ti wà nídìí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ láyé àwọn òyìnbó mọ bí wọ́n ṣe ń to pọ́ùn, ṣílè àti kọ́bọ̀ sínú ìwé. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo iye tó kà sílẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ yìí, kò sí ẹyọ kọ́bọ̀ kan. Igi ní iye. Kẹ́ẹ̀gì ní iye. Ọdún tí adẹ́mu fi ṣiṣẹ́ ní iye, ọdún 15 ni. Owó ẹmu nìkan ni kò ní iye, nítorí kò sí ẹni tó san án. N kò gbà pé ó gbàgbé. Ẹ ó rí i láìpẹ́ pé bí ìtàn ṣe ń lọ, kò sí ohun tí kì í fi owó sí.

Bàbá kú. Lóṣù kẹfà lẹ́yìn ikú bàbá, adẹ́mu jábọ́ láti orí ọ̀pẹ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìsinmi, òun náà kú. Àwọn ọ̀rẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í yẹra lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọ̀mu rí ọ̀kan nínú wọn láàárín ìlú, ó kí i, onítọ̀hún dáhùn, ṣùgbọ́n kò sún mọ́ ọn rárá, ó yára bá tirẹ̀ lọ. Níbí yìí ni kíláàsì máa ń pariwo pé ọ̀rẹ́ ojú ayé ni wọ́n. Bóyá. Ṣùgbọ́n ìdájọ́ yẹn yá jù. Kí ni Ọ̀mu fi dè wọ́n mọ́ra? Kí ni wọ́n jẹ ẹ́? Wọn kò jẹ ẹ́ ní nǹkan kan. Ẹni tí kò jẹni ní nǹkan, kò sí ohun tó ń fà á padà.

Ohun tí ìsọ̀ ní

Ẹ wo ìsọ̀ gidi. Mo mọ̀ wọ́n ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà àti Èkìtì, mo sì rò pé ẹni tó bá mọ ọ̀kan ti mọ púpọ̀ nínú wọn. Kò ní pátákó orúkọ. Òpó mẹ́rin ni, tí wọ́n fi páànù tàbí màrìwò ọ̀pẹ bò lórí, bẹ́ǹṣì pákó méjì tàbí mẹ́ta, àti tábìlì tí wọ́n fi òkúta gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ kan. Ẹmu àárọ̀ dùn, ọmọdé pàápàá lè tọ́ ọ wò. Ti ìrọ̀lẹ́ ti ń kan, òun sì ni àwọn àgbà ń dúró dè. Ẹlẹ́mu yóò kọ́kọ́ bu díẹ̀ mu lójú gbogbo wọn kó tó gbé e fún ẹnikẹ́ni. Bíríkìlà wà níbẹ̀, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì wà níbẹ̀, télọ̀, awakọ̀, àti ẹnì kan tí a kò mọ iṣẹ́ rẹ̀ gan-an. Kì í ṣe orúkọ àbísọ ni wọ́n ń jẹ́. Ọ̀kan ni Lọ́yà, kò sì jáde ìwé mẹ́fà. Ọ̀kan ni Dókítà, nítorí ó máa ń júwe ewé. Ẹni tó bá dé lẹ́yìn yóò kí gbogbo wọn tán kó tó jókòó, yóò sì mọ̀ pé igun bẹ́ǹṣì yẹn kì í ṣe tòun, Alága ló ni ín bí kò tilẹ̀ tíì dé.

Ọ̀rọ̀ tó ń jáde níbẹ̀ ni mo fẹ́ kí olùkọ́ èdè fetí sí. Àríyànjiyàn lórí bí wọ́n ṣe fi ọba kan jẹ lè bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ Ajé kí ó má tíì parí ní Ọjọ́bọ̀. Ẹnì kan yóò pa òwe, ẹlòmíràn yóò ní kò pa á pé, ẹ̀kẹta yóò ní bí wọ́n ṣe ń pa á ní ìlú ìyá òun kọ́ nìyẹn. Bí ọpọ́n ayò bá wà nílẹ̀, èébú tí ọ̀ta ń bú ọ̀pẹ́ fúnra rẹ̀ tó odindi ẹ̀kọ́ kan lórí ẹ̀fẹ̀. Òfin wà: a lè fi ojú, orí tàbí imú ẹni ṣe yẹ̀yẹ́, ṣùgbọ́n a kì í fi ọmọ ẹni ṣe. Akẹ́kọ̀ọ́ mi tó ti jókòó sí ẹ̀bá irú ibẹ̀ rí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ omi ló ń mu, máa ń mọ ìgbà tí òwe bọ́ sí àyè ju ẹni tó ha òwe 200 sórí lọ.

Ṣùgbọ́n ohun tó dè wọ́n pọ̀ gan-an wà lára ògiri. Ṣọ́ọ̀kì tàbí èédú ni wọ́n fi fa ìlà síbẹ̀. Ìlà kan, ahá kan tàbí kẹ́ẹ̀gì kan, ó dọwọ́ bí ẹlẹ́mu bá ṣe ń kà á. Àwìn ni. Kò sí ará ìsọ̀ kan tí kò ní ìlà, kò sì sí ẹni tó ń san gbogbo rẹ̀ tán lẹ́ẹ̀kan; ẹni tó bá san án tán pátápátá, àwọn yòókù á bi í léèrè bóyá ó ń kó kúrò ní àdúgbò. Bí Dókítà kò bá yọjú fún ọjọ́ mẹ́ta, ẹlẹ́mu yóò rán ọmọ sí i. Ṣé owó ni ó ń wá tàbí ènìyàn? Òun gan-an kò lè ya méjèèjì sọ́tọ̀. Gbèsè ni ó jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé Dókítà kò sí níjòókòó. Ẹni tó jẹ gbèsè ni wọ́n ń wá. Kò sí ẹni tó rán ọmọ sí Ọ̀mu.

Àwọn akẹgbẹ́ mi tí wọ́n ń kọ́ni ní lítíréṣọ̀ Ìgbò yóò ti máa rántí Unoka nínú Things Fall Apart ti Chinua Achebe (1958). Òun náà fẹ́ràn ẹmu. Bí owó bá kàn án, ẹmu ni yóò rà, yóò sì pe aládùúgbò. Nígbà tí Okoye wá gba igba owó ẹyọ rẹ̀, Unoka fi ìlà ṣọ́ọ̀kì ara ògiri hàn án, ìlà kọ̀ọ̀kan dúró fún ọgọ́rùn-ún, ó sì fi ẹ̀rín sọ pé àwọn gbèsè ńlá ni òun yóò kọ́kọ́ san. A sábà máa ń kọ́ ibẹ̀ bí àpẹẹrẹ ọ̀lẹ. Ọ̀lẹ ni lóòótọ́. Síbẹ̀, ẹ wò ó pé ẹni tó jẹ gbogbo àdúgbò ní gbèsè yìí kò ṣaláì ní àlejò. Ògiri rẹ̀ kún fún orúkọ ènìyàn ju ilé Ọ̀mu lọ.

Gbèsè tó dé ọ̀run

Yorùbá ní ọ̀nà ọ̀fun, ọ̀nà ọ̀run. Ọ̀mu fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rin òwe yìí. Láti ìgbà tó ti kúrò nílé ni owó ti wọ inú ìtàn, kò sì kúrò mọ́. Arẹwà ọkùnrin tó fa ọmọbìnrin olórí ìlú lọ sínú igbó yá gbogbo ẹ̀yà ara rẹ̀ ni, ó sì ń dá a padà fún onílé kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú owó ìyálò, títí ó fi ku agbárí nìkan. Lẹ́nu ọ̀nà igi funfun ti Ìyá Olóòótọ́, Ọ̀mu àti aya rẹ̀ ta ikú wọn ní pọ́ùn 70, ṣílè 18 àti kọ́bọ̀ 6. Ẹ̀rù wọn ni wọn kò tà. Wọ́n fi yáni ní èlé pọ́ùn 3 àti ṣílè 10 lóṣù. Inú igi yẹn ni ìtàn ti sún mọ́ ilé ọtí òde òní jù lọ: gbọ̀ngàn ńlá, iná, ijó, ohun mímu, àti yàrá àwọn atatẹ́tẹ́. Ibẹ̀ ni gbogbo owó ikú rẹ̀ tán sí. Nígbà tí wọ́n ń lọ, ẹni tó yá ẹ̀rù wọn dá a padà, ẹni tó ra ikú wọn kò dá a padà, nítorí náà wọn kò lè kú mọ́ ṣùgbọ́n wọ́n tún lè bẹ̀rù. Bí a bá sọ èyí ní ìsọ̀, ẹnì kan yóò dáhùn pé bí ọjọ́ kejì tí owó oṣù bá wọlé ṣe ń rí nìyẹn.

Ibi tó ya mí lẹ́nu jù ni ẹjọ́ tí wọ́n gbé ka iwájú Ọ̀mu ní ìlú àdàlù. Ọkùnrin kan yá pọ́ùn kan lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ó ní láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí òun, òun kò san gbèsè rí. Agbowó-gbèsè kan sì wà tó ní kò sí gbèsè tí òun kò gbà rí. Àwọn méjèèjì pàdé, wọ́n jà, ajigbèsè fi ọ̀bẹ pa ara rẹ̀ kó má baà san án. Agbowó ní bí òun kò bá gbà á láyé, òun yóò gbà á lọ́run, òun náà pa ara rẹ̀. Ẹnì kẹta tó kàn dúró ń wòran ní òun gbọ́dọ̀ rí ìparí ìjà yìí, ó sì bá wọn lọ. Ta ló jẹ̀bi? Ọ̀mu ronú títí, ó sún ẹjọ́ náà di ọdún mìíràn, ó sì bẹ àwa òǹkàwé pé kí a bá òun dá a.

Àwọn onímọ̀ ìtàn àbáláyé mọ irú ìtàn yìí, èyí tí a máa ń fi ẹjọ́ rẹ̀ sílẹ̀ fún olùgbọ́. Ohun tí mo fẹ́ fi kún un ni pé ìlànà ìsọ̀ ni Ọ̀mu lò. Kò sí ìsọ̀ tó ń dá ẹjọ́ tán. Ẹjọ́ tí a bá dá tán lálẹ́ òní, kí ni a ó wá sọ lọ́la? Ọkùnrin tó jẹ́ pé ọ̀fẹ́ ló ń fi ẹmu rẹ̀ ṣe nílé, tí gbogbo ọ̀rẹ́ fi sílẹ̀, ìlú àjèjì ló ti wá rí àwọn ènìyàn tí wọ́n ń retí pé kó padà wá, kò sì sí ẹmu ní àárín wọn rárá, ọ̀rọ̀ pọ́ùn kan ni. Òun ló sì jẹ wọ́n ní gbèsè ìdájọ́.

Ìgbà kejì tí ìlú péjọ

Ní ìlú àwọn òkú, adẹ́mu sọ fún Ọ̀mu pé òkú kò lè bá alààyè padà. Ẹyin kan ló fún un. Ìyàn mú nílùú nígbà tó délé, ẹyin yìí sì ń pèsè oúnjẹ àti ohun mímu fún gbogbo ayé. Wọ́n tún kún ilé rẹ̀ lọ́sàn-án àti lóru gẹ́gẹ́ bí àwọn ọ̀rẹ́ ìjọ́sí. Wọ́n jẹ, wọ́n yó, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣeré ìjàkadì, ẹyin fọ́, wọ́n tú ká, wọ́n sì ń bú u bí wọ́n ṣe ń lọ. Ó lẹ ẹyin náà pọ̀, ṣùgbọ́n pàṣán nìkan ló ń pèsè mọ́. Ó ránṣẹ́ pè wọ́n padà, ó sì jẹ́ kí pàṣán ṣe iṣẹ́ rẹ̀.

Ọ̀pọ̀ òǹkàwé máa ń rẹ́rìn-ín níbí. N kò lè rẹ́rìn-ín púpọ̀. Ọ̀mu ti rin ìrìn tó lọ tó bọ̀, ó ti rí bí a ṣe ń yáni àti bí a ṣe ń san án, síbẹ̀ ìjókòó ọ̀fẹ́ kan náà ló tún padà wá dá sílẹ̀. Nígbà tí ó sì fẹ́ gba owó nǹkan tí wọ́n jẹ lọ́wọ́ wọn, pàṣán ni ó fi gbà á. Àléébù ìtàn náà kọ́ nìyí, ibi tó ti gbóná jù ni, n kò sì mọ ìdí tí a fi ń fò ó nínú ìdánwò.

Orí ìtàgé

Ọdún 1963 ni Kọ́lá Ògúnmọ́lá gbé ìtàn náà sórí ìtàgé lédè Yorùbá ní Yunifásítì Ìbàdàn. Ó sọ Ọ̀mu ní Lánkẹ́. Orúkọ yẹn ti yí nǹkan padà: ẹni tó ní orúkọ ṣeé kí, ó ṣeé pè láti òdìkejì títì, ó ṣeé kọ sára ògiri. Ohùn, orin àti ara àwọn òṣèré tún mú kí àwọn ọ̀rẹ́ tí Tutùọlá kàn sọ pé wọn kò lóǹkà di ènìyàn tí ojú lè rí. Mo tún máa ń sọ fún akẹ́kọ̀ọ́ pé ẹni tó bá ń wo eré aláṣeéwò ti sanwó lẹ́nu ọ̀nà. Àwọn òǹwòran Ògúnmọ́lá ni ó kọ́kọ́ bá Ọ̀mu jókòó tí wọ́n sì san tiwọn.

Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú yín kì í mutí, ẹ̀sìn tàbí ìlera ló fà á, n kò sì kọ bébà yìí láti pè yín síbẹ̀. Ọtí ti fọ́ ilé. Ẹwà ìsọ̀ sì ní ẹni tó ń ru ẹrù rẹ̀: ìyàwó tó ń dá ọmọ sùn nílé, àti ẹlẹ́mu fúnra rẹ̀, tó sábà jẹ́ obìnrin, tí ń jókòó títí ilẹ̀ fi ṣú, tí ń gbọ́ gbogbo ọ̀rọ̀, tí kì í sì í sọ púpọ̀. Lítíréṣọ̀ wa kò tíì fún un ní àyè tó tọ́ sí i. Bẹ́ẹ̀ ni ìsọ̀ fúnra rẹ̀ ń yí padà. Níbi tí bíà àti tẹlifíṣọ̀n bọ́ọ̀lù ti gba ibẹ̀, gbogbo bẹ́ǹṣì ti kọjú sí ọ̀nà kan. Ènìyàn kì í rí ojú ara wọn mọ́, ẹni tó bá sì fẹ́ pa òwe, wọ́n á ní kó dákẹ́ kí àwọn gbọ́ ohun tí olùsọ̀rọ̀ ń wí.

Kíláàsì

Ohun tí mo ń ṣe báyìí pẹ̀lú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ NCE kò le. N kì í bi wọ́n mọ́ pé kí ni ìwé náà kọ́ wa nípa ọtí. Mo máa ń ní kí wọ́n to ohun gbogbo tí wọ́n rà, tí wọ́n tà, tí wọ́n yá àti tí wọ́n san nínú ìwé náà sí abala kan, kí wọ́n to ohun tí wọ́n fi ta ẹnìkejì lọ́rẹ sí èkejì, kí wọ́n sì sọ ẹni tó dúró àti ẹni tó lọ nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó wá láti ibi tí wọ́n ti ń mu bùrùkùtù lè mú ilé bùrùkùtù wá sínú ọ̀rọ̀. Ẹni tí kì í sún mọ́ ọtí lè lo ibi tí wọ́n ti ń mu tíì lálẹ́ níwájú ṣọ́ọ̀bù onísúyà, nítorí àwìn wà níbẹ̀ náà.

Lẹ́yìn náà ni mo máa ń ka ẹjọ́ pọ́ùn kan sí wọn létí, n ó sì jókòó. Nígbà tí mo ṣe é kẹ́yìn, ọmọkùnrin kan ní ajigbèsè ló jẹ̀bi, ọ̀rọ̀ parí. Ọmọbìnrin kan tó jókòó lẹ́yìn ní kò parí, pé òǹwòran ló jẹ̀bi jù, nítorí òun nìkan ni kò ní nǹkan kan níbẹ̀. Ẹnì kan pa òwe, wọ́n ní kò pa á pé. Agogo lù, wọn kò dìde. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, kí n tó ṣí ìwé, ọmọkùnrin yẹn ti na ọwọ́ sókè pé òun ti bi bàbá òun léèrè.